Kọ̀ǹpútà fún Yàrá Iṣẹ́: Kí Ni Kí Olówó Kékeré Rà?

Ọ̀rẹ́ wa kan, tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta, wá bá wa ní ilé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Owó tí ó fi oṣù mẹ́jọ tù jọ ni ó kó lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà, tí ó fi ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì fi kọ ìwé tí ó ti ń pète láti ọjọ́ pípẹ́. Ó to gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ó tẹ bọ́tìnnì, fáànù ń yí, iná aláràbarà ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì lára àpótí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn bí òru. Ó ní kí a wá bá òun wo ohun tí ó bàjẹ́.

A wò ó, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n tà fún un ń jẹ́ Intel Core i3-12100F. Ìbá ṣe pé i3-12100 ni, láìsí F nídìí rẹ̀, ojú mọ́nítọ̀ ì bá ti mọ́lẹ̀ kedere. Lẹ́tà F yìí ni àwọn tí ó ṣe é fi ń sọ pé kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni tí ó rà á bá tún ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Ẹni tí ó tà á kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì la ọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ wa kò béèrè, nítorí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù lónìí nìyí. Àwọn olùkọ́ pọ̀ lára ẹ̀yin òǹkàwé wa, yálà ẹ wà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ní Kánò tàbí ní Jọs, owó iṣẹ́ olùkọ́ kì í sì í ṣe owó tí a lè fi ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí yóò máa kọ lẹ́tà, tí yóò máa ṣètò ìbéèrè ìdánwò, tí yóò máa ṣírò máàkì àwọn ọmọ, tí yóò sì máa bá ẹlòmíràn ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe eré ìjà. Kò nílò káàdì àwòrán rárá. Ọpọlọ tí ó ní agbára àwòrán nínú ara rẹ̀ ni ó nílò. i3-12100 tí a dárúkọ, tí ó jáde ní 2022, tó iṣẹ́ náà í ṣe. Ní ọ̀dọ̀ AMD, Ryzen 5 5600G wà, èyí tí ó jáde ní 2021. Bí ẹni pé òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, tí mẹ́rin sì wà nínú ti Intel yẹn. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ ṣọ́ lẹ́tà: 5600G ní àwòrán nínú, 5600 lásán kò ní in.

Màdábọ́ọ̀dù ni pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé. Ìjókòó tí a ṣe fún 5600G ń jẹ́ AM4, ti i3-12100 ń jẹ́ LGA1700, ọ̀kan kò sì lè wọ èkejì láéláé. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ti pátákó olówó gọbọi mọ́ yín lọ́wọ́. A520 tó fún ti àkọ́kọ́, H610 sì tó fún ti èkejì. Ráàmù tí AM4 ń gbà kò ju DDR4 lọ. Nínú àwọn H610, òmíràn ń gba DDR4, òmíràn ń gba DDR5, nítorí náà ẹ ka ohun tí a kọ sára páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba. Bí ráàmù kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fi agbára tì í.

Gígábáìtì 16 ni a fara mọ́. Ẹ̀là méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 sì sàn ju ẹ̀là kan tí ó jẹ́ 16 lọ, nítorí ọpọlọ tí ń ṣe àwòrán fúnra rẹ̀ láti inú ráàmù ni ó ti ń yá àyè, ọ̀nà méjì sì yá ju ọ̀nà kan lọ. Ṣùgbọ́n ní ìparí 2025 owó ráàmù fò sókè káàkiri ayé, nítorí àwọn iléeṣẹ́ tí ń ṣe é kọjú sí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí a fi ń ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kí ó fi ẹ̀là kan bẹ̀rẹ̀, kí ó fi àyè kejì sílẹ̀ di ìgbà tí Ọlọ́run bá tún pèsè. Ní ti ibi ìpamọ́, SSD tí ó jẹ́ gígábáìtì 500 tó ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ fíìmù. Háàdì dísìkì àtijọ́ tí ń yí kò yẹ ní ohun tí a ó fi ṣiṣẹ́ mọ́, àfi kí a máa fi pa ẹ̀dà ìwé wa mọ́.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó dùn wá jù. Àpótí iná tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí ń gba iná láti ara ògiri tí ó sì ń pín in fún ẹ̀yà gbogbo, ni àwọn ènìyàn ń fojú kéré jù lọ. Wọn yóò náwó sí àpótí onígíláàsì tí ń tàn bí ilé ìnáwó, wọn yóò wá ra ayédèrú àpótí iná sí i nínú. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá! Àwa pàápàá ti ṣe irú rẹ̀ rí. A ra èyí tí a kọ wọ́ọ̀tì 600 sí lára, tí ó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì. Fífúyẹ́ náà tó kì í nílọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí iná ti lọ fún ọjọ́ méjì, ó dé pẹ̀lú agbára tí kò yẹ. A gbọ́ òórùn, a rí èéfín. Màdábọ́ọ̀dù lọ, ibi ìpamọ́ lọ, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin tí a kò ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ pẹ̀lú wọn. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ lórí àpótí iná kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó jóná.

Irú kọ̀ǹpútà tí a ń sọ yìí kì í sábà gbà ju wọ́ọ̀tì 150 lọ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Wọ́ọ̀tì 450 tí ó jẹ́ òótọ́ sàn ju 700 tí ó jẹ́ irọ́ lọ. Ẹ wá èyí tí ó gba àmì 80 Plus, àmì tí ń fi hàn pé ó kéré tán, ìdá 80 nínú 100 iná tí ó gbà ni ó ń lò sí rere.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti inverter pẹ̀lú, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Bí a bá ń kọ ìwé lásán, kọ̀ǹpútà wa lè gba wọ́ọ̀tì 60, kí mọ́nítọ̀ kékeré gba 25. Ní wákàtí mẹ́fà, 510 nìyẹn. Bátìrì fóòtì 12 tí ó jẹ́ 100Ah ní 1200 nínú lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi àtijọ́, a kò gbọdọ̀ lò ó kọjá ìdajì, ó ku 600, inverter fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn ni yóò ṣe, bóyá ni yóò fi ṣẹ́kù. Ẹni tí kò bá ní inverter, tí kò sì ní owó rẹ̀ nítòsí, a kò ní tàn án jẹ: kọ̀ǹpútà alágbèéká ni kí ó rà.

Àwọn kan yóò sọ pé tòkunbọ̀ ńkọ́? Dell OptiPlex àti HP EliteDesk tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò tán kún ọjà, wọ́n sì lágbára. Nígbà tí a wà ní ìlú òyìnbó fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, irú rẹ̀ ni a lò, a kò sì kábàámọ̀. Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì fẹ́ ọpọlọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ. i5-8500 yóò wọlé, i5-6500 kò ní wọlé, àfi bí ọlọ́jà bá fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbé e wọ̀ ọ́. Linux, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú wọn ní àpótí iná tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjà. Bí ó bá kú, irú rẹ̀ gan-an ni ẹ ó máa wá kiri.

Ohun kan wà tí a kò ní san kọ́bọ̀ lé lórí, tí àwọn olùkọ́ púpọ̀ kò sì mọ̀. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ó wà nínú Linux pẹ̀lú. Ẹ kàn máa yàn án ni. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí a dárúkọ lókè tí a ṣe ní ilẹ̀ wa, èyí sì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ torí èyí máa kọ èdè wa láìsí àmì, bí ẹni pé ẹ̀rọ ni ó kọ̀ fún wa.

A bá ọ̀rẹ́ wa padà lọ sí Ọ̀tígbà. Ọlọ́jà náà jiyàn fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó gbà láti pààrọ̀ F fún aláìní-F pẹ̀lú àfikún owó. A sọ fún un pé kí ó ta àpótí aláràbarà yẹn, kí ó fi owó rẹ̀ ra àpótí iná gidi. Ó kọ̀ jálẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ní àwọn ọmọ òun fẹ́ràn iná ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó fi ìbéèrè ìdánwò ránṣẹ́ sí wa kí a bá òun wò ó, ojú ìwé mẹ́rin, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí pé òun ti ta àpótí náà.