Abẹ́ Ọkọ̀ Titun: Ibi tí Ìpáàrà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí bàbá ilé kan bá ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ titun wọ agbolé, gbogbo ẹbí a jáde wá wò ó. Àwọn ọmọ a máa fi ọwọ́ pa ara rẹ̀ tí ń dán bíi dígí, ìyá ilé a jókòó sórí àga rẹ̀, àwọn àgbà a sì gbàdúrà pé kí ọkọ̀ náà ba olówó rẹ̀ kalẹ́. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ó péjọ, ta ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ yìí gan-an ni ikú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ìpáàrà ni kòkòrò tí à ń sọ. Níbi tí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé, irin a bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Bí iyọ̀ bá sì dà pọ̀ mọ́ omi náà, ìbàjẹ́ a yára ju ti ìṣáájú lọ, nítorí ibi tí iyọ̀ bá wà kì í tètè gbẹ.

Ìdí nìyí tí ọ̀ràn yìí fi kọ́kọ́ di ohun àníyàn ní àwọn ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, kí ọkọ̀ má baà máa yọ̀ kiri. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ New Hampshire ni ó kọ́kọ́ dán an wò, ní ọdún 1938. Ọ̀nà náà gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n táyà a máa ta omi iyọ̀ náà sí gbogbo kọ̀rọ̀ abẹ́ ọkọ̀. Ó yani lẹ́nu pé abẹ́ ilẹ̀ Detroit, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọkọ̀ ṣíṣe, ni a ti ń wa iyọ̀. Ní ìlú yìí kan náà ni mẹkáníìkì kan, Kurt Ziebart, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959 láti máa fọ́n ohun tí ń dènà ìpáàrà sínú kọ̀rọ̀ ara ọkọ̀.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ pẹ̀lú kò káwọ́ gbera. Ẹni tí ó bá mọ páànù òrùlé ilé wa ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n dá: síńkì ni a fi bo irin rẹ̀. Síńkì a máa fi ara rẹ̀ jìn, a jẹ́ kí ìbàjẹ́ kọ́kọ́ jẹ òun kí ó tó kan irin. Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú irin bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ 911 rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1975, Audi sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ara ọkọ̀ Audi 100 ní ọdún 1985. Lónìí, a tún máa ń ri odindi ara ọkọ̀ sínú ọ̀dà, a ó sì fi iná mànàmáná mú kí ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ ọn.

Ǹjẹ́ àbójútó kò wá pọn dandan mọ́? Ó ṣì pọn dandan. Òkúta a máa họ ọ̀dà, páìpù bíréèkì sì jẹ́ tín-ín-rín. Ní ọdún 2015, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ààbò ojú pópó gba àwọn tí ọkọ̀ wọn ti pẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ páìpù bíréèkì wò, nítorí ìpáàrà lè lu ú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: ọkọ̀ tí ó kún fún ìyá àti ọmọ, tí bíréèkì rẹ̀ sì kọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ní ilé níhìn-ín, a kì í da iyọ̀ sí títì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé etí òkun ní Èkó tàbí ní Àgbádárìgì mọ bí afẹ́fẹ́ òkun ti ń ṣe irin ojú fèrèsé. Ní òkè ilẹ̀, ẹrẹ̀ pupa a máa dì sí ẹ̀yìn táyà, a sì mú omi dání sí ara irin.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ titun, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn tí ó ṣe é ti fi kùn ún, kí ó má baà san owó lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ kan. Bí ó bá fẹ́ fi kún un, kí ó ṣe é kí ìpáàrà tó dé, lórí irin tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀dà dúdú tí ń gan bí ti títì. Ó lágbára sí òkúta, ṣùgbọ́n bí ó bá sán, omi a wọ abẹ́ rẹ̀, ìpáàrà a sì máa ṣiṣẹ́ níkọ̀kọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Èkejì ni epo, ìda tàbí ọ̀rá irun àgùntàn. Èyí a máa wọ inú kọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè. Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí a má ṣe dí ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí a má sì jẹ́ kí ó kan bíréèkì tàbí páìpù èéfín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ kàn yín jù. Ọkọ̀ tí ó ti mu omi iyọ̀ fún ọdún púpọ̀ lókè òkun lè dé èbúté pẹ̀lú ọ̀dà dúdú titun lábẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi irin kan án wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Irin tí ó bá rì wọlé ti di ìyẹ̀fun.

Àwa kò sọ èyí láti ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ máa fọ òkè ọkọ̀ yín kí ó máa dán, ṣùgbọ́n ẹ máa fi omi fọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òkè ni àwọn aládùúgbò ń yìn. Abẹ́ ni ó ń gbé àwọn ọmọ yín dé ilé.