Ẹ̀ka Igi Kì í Ṣe Ti Ìdáná Nìkan

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ire àti Ìlá Ọ̀ràngún, bí wọ́n bá gé ìtì igi lọ tán, ẹ̀ka ńláńlá tó kù ńkọ́? A ó kó o wọ iná. Owó là ń sun yẹn o!

Ibi tí ẹ̀ka ti yà lára igi ni ẹ̀rúkọ́ ti ń jáde. Ìyókù a di ọmọ odó, orógùn àti àpótí ìjókòó. Ẹ má fi ṣe ilẹ̀kùn ṣá: ẹ̀ka tó tẹ̀ lórí igi, yóò lọ́ bó bá gbẹ.

Ní tútù ni kí ẹ là á gba àárín. Ẹ fi ọ̀dà kun orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tò ó síbi ibòji. Bí oòrùn bá pa á lójijì, yóò sán.

Ilé agbẹ́gi ni Ìlá, níbẹ̀ ni Lamidi Fákẹ́yẹ, tó kú ní 2009, ti wá. Kí ẹ tó pe oníigi ìdáná, ẹ kọ́kọ́ pe agbẹ́gi.