Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Ọtí, Ẹ Máa Wo Ojú Oníbàárà

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ń ta ẹmu, bíà àti ògógóró ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n tó gbé ọ̀mùtí dé ọ̀dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì, ojú yín ni ó ti kọ́kọ́ rí i.

Bí ọtí bá ti ń pa ènìyàn, àmì rẹ̀ a máa hàn. Ẹni jẹ́jẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. A sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ahọ́n rẹ̀ a wúwo. Ojú rẹ̀ a pọ́n, ife a máa dà nù lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní lè ka owó rẹ̀ pé. A di tábìlì mú kí ó tó dìde. Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí, ẹ má bu òmíràn fún un mọ́. Ẹ rọra sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ó tó báyìí, ẹ jẹun díẹ̀.” Ẹ má jẹ́ kí ó gun alùpùpù lọ, ẹ ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ̀.

Omi tútù, kọfí, epo pupa, kò sí èyí tí ó lè lé ọtí jáde. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, díẹ̀díẹ̀ sì ni: ìgò bíà ńlá kan lè gbà tó wákàtí 3.

Ẹni tí kò mu púpọ̀ tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lè jẹ́ alátọ̀gbẹ, tàbí ẹni tí ó fi orí gbá, tàbí kí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó sùn tí ẹ jí tí kò jí, tí ara rẹ̀ tutù, tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀, kì í ṣe oorun lásán. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà dí i lọ́fun, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, ọ̀pọ̀ sì kú. Àwọn kan pè é ní ìbínú òrìṣà. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, májèlé methanol inú ògógóró ni. Nítorí náà, bí oníbàárà bá sọ lọ́jọ́ kejì pé òun kò ríran dáadáa, ilé ìwòsàn ni kíákíá, kí ẹ má sì ta kẹ́ẹ̀gì náà mọ́.

Oníbàárà tí ó bá yè ni yóò padà wá rà lọ́la.