Irú tí mo bá ní Kòríà

Oúnjẹ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì lónìí.

Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Daejeon, ní Gúúsù Kòríà, láti wá kàwé sí i, màmá mi di irú sínú àpótí mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi se ọbẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ẹnì kan ṣí gbogbo fèrèsé, ó ní kí ló kú síbí. Ojú tì mí. Mo fi náílọ́nù mẹ́ta wé irú náà, mo tì í sí ìsàlẹ̀ fíríìjì. N kò fọwọ́ kàn án fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa mẹ́rin láti làábù lọ jẹun alẹ́. Wọ́n to kimchi àti àwọn àwo kéékèèké mìíràn sórí tábìlì, a sì dúró kí ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ gbé ṣíbí. Ni wọ́n bá gbé ìkòkò amọ̀ kan dé, ọbẹ̀ inú rẹ̀ ṣì ń hó. Kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀, imú mi ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Kòríà, yára ní, "Ẹ má bínú o, ó ń rùn díẹ̀."

Mo ní, "Rùn kẹ̀? Irú rèé!"

Cheonggukjang lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á se ẹ̀wà sóyà títí á fi rọ̀, wọ́n á fi koríko ìrẹsì gbígbẹ sí i, wọ́n á sì bò ó síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ṣé kò jọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń se irúgbá, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń tún un sè, tí wọ́n sì ń fi ewé bò ó mọ́lẹ̀?

Kòkòrò àìfojúrí kan náà ló ṣe pàtàkì jù níbi méjèèjì: Bacillus subtilis. Bí nǹkan bá le, ó máa ń sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle tí à ń pè ní spore. Omi híhó tó ń pa àwọn kòkòrò yòókù kì í ràn án. Tí ooru bá rọlẹ̀, á jí, á bá oúnjẹ rẹpẹtẹ nílẹ̀ láìsí ẹni tó máa bá a dù ú.

Á wá máa gé purotéènì inú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ sí amino acid. Ọ̀kan nínú wọn ni glutamate, ohun kan náà tó wà nínú ajínómotò. Ibẹ̀ ni adùn ti ń wá. Bó sì ṣe ń jẹ àwọn amino acid yìí lọ, ó ń tú ammonia sílẹ̀, gáàsì tó máa ń ta ni nímú nílé ìtọ̀. Iṣẹ́ kan náà ló ń bí adùn àti òórùn; kì í ṣe pé oúnjẹ bàjẹ́.

Kimchi ńkọ́? Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Wọn kì í sè é, iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa ewébẹ̀ rẹ̀. Ẹbí àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan ló ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ásíìdì. Ìdí nìyẹn tí kimchi fi ń kan.

Mo wá jẹ́wọ́ irú tí mo fi pamọ́. Ẹ̀gbọ́n wa bú sẹ́rìn-ín: òun náà kì í se cheonggukjang nílé, torí àwọn ará ilé òun máa ń ráhùn.

Ní Sátidé, mo tú náílọ́nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ro ẹ̀fọ́, mo fi irú sí i dáadáa, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ jẹ ẹ́. A ṣí fèrèsé o. Ṣùgbọ́n n kò bẹ ẹnikẹ́ni.