Àpá Tí Ó Ń Wú Sí I: Ọ̀bẹ Nìkan Kọ́ Ni Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àpá ara ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn àgbà a máa sọ pé egbò a máa jiná, ṣùgbọ́n àpá kì í lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àpá kì í ṣe oríṣi kan, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Ìyá tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi tí a ó ti sọ àpá kékeré di ńlá.

Àpá kan wà tí ó tẹ́jú, tí ó kàn dúdú tàbí pupa ju ara yòókù lọ. Òmíràn jìn wọnú, bí èyí tí irorẹ́ máa ń fi sílẹ̀. Òmíràn wú sókè, ṣùgbọ́n kò kọjá ojú ọgbẹ́ tí ó bí i. Irú èyí a máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí oṣù àti ọdún ti ń lọ. Ẹ̀kẹrin ni ó ń da ìdílé láàmú jù. Òun a máa wú, a máa yún, a máa dun ni, a sì máa rìn kọjá ojú ọgbẹ́ lọ sí ara tí kò ṣe nǹkan kan. Kẹ́lọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Alibert, oníṣègùn ará Faransé, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ọwọ́ akàn, nítorí bí ó ti ń na ọwọ́ káàkiri.

Àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń bá jà jù, pàápàá àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 30, a sì máa rìn nínú ìdílé. Ibi tí ó fẹ́ràn ni etí, àyà, èjìká, àgbọ̀n àti ẹ̀yìn ọrùn. Kì í ṣe àsàsí, kì í ràn, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí awọ bá ya, ara a máa hun okùn tuntun láti fi dí i, bí bíríkìlà tí a pè kí ó dí ihò ara ògiri. Bí ihò bá dí, ó yẹ kí bíríkìlà sọ irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ti kẹ́lọ́ìdì kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán. Ó ń mọ ògiri lọ ni.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe mú ọmọ tí ó ní kókó létí lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, tàbí ẹnikẹ́ni ládùúgbò, kí ó bá yín gé e dànù. Ojú abẹ náà ọgbẹ́ tuntun ni, bíríkìlà yóò sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá gé kẹ́lọ́ìdì láìṣe ohun mìíràn mọ́ ọn, ó máa ń padà wá lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a gé e fún, òmíràn a sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má sì ṣe fi omi bátìrì tàbí irin gbígbóná jó o.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ọgbẹ́ bá ti pa ojú dé, tí àpá sì fẹ́ máa wú, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí a fi sílíkóònù ṣe, tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kéré tán, yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí 12 lójúmọ́, fún oṣù méjì sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ egbò tí kò tíì jiná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro ti àlùwàlá, ẹ ṣí i kúrò, ẹ ṣe àlùwàlá yín, ẹ nu ara gbẹ, kí ẹ sì dá a padà. Ó ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé tún lò.

Bí àpá bá ti wú gan-an, abẹ́rẹ́ ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Oògùn tí ń jẹ́ triamcinolone ni a ń gún sínú àpá náà fúnra rẹ̀, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra wọn, a ó sì gún un lọ́pọ̀ ìgbà. A máa dun ni, ṣùgbọ́n yíyún a dẹwọ́, àpá a rọ̀, a sì rẹlẹ̀. Ó lè mú kí awọ ibẹ̀ funfun tàbí kí ó fẹ́lẹ́. Ẹni tí ó lóyún, tàbí tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú. Àwọn dókítà mìíràn a máa fi nitrogen olómi, tí ó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, pa àpá náà. Ṣùgbọ́n ó lè fi ojú funfun sílẹ̀ lára awọ dúdú.

Iṣẹ́ abẹ náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dá rìn. Bí oníṣẹ́ abẹ tí ó mọ iṣẹ́ bá gé kẹ́lọ́ìdì, yóò fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, tàbí yẹtí tí ń tẹ etí mọ́ra, tàbí ìtànṣán tí a ń lò kété lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi í léèrè kí ó tó mú ọ̀bẹ: “Dókítà, kí ni ẹ ó ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, kí ó má baà padà wá?” Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ dìde. Ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, àti ní ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì, ẹ ó rí àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ń tún ara ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní ìpara òun yóò nu àpá kúrò pátápátá láàárín ọjọ́ méje. Kò sí ìtọ́jú tí ń nu àpá tán. Dídín kù ni a ń dín in kù. Èyí tí ó ní mẹ́kúrì nínú àwọn ìpara tí ń bóra lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ní ti etí lílù, ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 fi hàn pé kẹ́lọ́ìdì pọ̀ lára àwọn tí a lu etí wọn ní ọmọ ọdún 11 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ju àwọn tí a lu tiwọn ṣáájú lọ. Bí kẹ́lọ́ìdì bá wà nínú ìdílé yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dọ́mọbìnrin yín lọ lu ihò kejì àti ìkẹta sí etí.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ọmọ, ẹ da omi tútù tí ń ṣàn lé e fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ẹyin, epo tàbí kẹrosíìnì sí i. Àpá iná lè fa ìka, ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọrùn ọmọ pọ̀ tí kò fi ní lè nà án mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín bí a ti ń na ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí egbò bá sì yọ lójú àpá iná àtijọ́ tí kò jiná, ẹ má fi ṣe eré, nítorí jẹjẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan a máa bi wá bóyá ìtọ́jú àpá kì í ṣe yíyí ẹ̀dá Ọlọ́run padà. Ẹ rántí Arfajah, ẹni tí imú rẹ̀ gé lójú ogun. Ó fi fàdákà ṣe imú, imú náà ń rùn, Ànábì wa sì ní kí ó fi wúrà ṣe òmíràn. Títún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí ń fi ìborùn bo kókó etí rẹ̀ nítorí ìtìjú, ẹ má ṣe bá a wí pé afẹ́ ni ó ń ṣe. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí àpá náà ṣì kéré, kí ẹ sì ní sùúrù títí ìtọ́jú rẹ̀ yóò fi parí.