Omi Inú Ẹyinjú Tí Wọ́n Ń Dà Nù Tẹ́lẹ̀

Ní Èkó, láti Ìpọ̀nrí sí Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Ìdí-Àràbà ni ilé ìwòsàn LUTH wà, àti Guinness Eye Centre tó wà nínú ọgbà rẹ̀. Ìyá tó bá rí i pé ọmọlójú ọmọ òun ń tàn funfun bíi ti ológbò, ibẹ̀ ni kó kọrí sí.

Jẹjẹrẹ ojú ọmọdé, retinoblastoma, ni dókítà máa kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n á kán oògùn sójú ọmọ kí ọmọlójú lè fẹ̀, wọ́n á fún un lóògùn oorun, wọ́n á yẹ ẹ̀yìn ojú wò, wọ́n á sì ṣe sikáànù. Bí èérún kálísíọ̀mù bá hàn nínú kókó tó wà nínú ojú náà, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìgbà tí kò bá hàn ni wàhálà dé. Àrùn Coats, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú máa jò, lè jọ jẹjẹrẹ yìí. Aràn tí ọmọdé ń kó lára ajá náà lè fa ohun tó jọ ọ́. Wọ́n ti yọ ojú ọmọ rí, kí wọ́n tó rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù pé kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Kókó ibòmíì lára, wọ́n á gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ti ojú yìí, èèwọ̀ ni, torí jẹjẹrẹ lè bá ojú abẹ́rẹ́ jáde, kó sì ràn káàkiri ara.

Francis Munier, dókítà ojú ní Lausanne, Switzerland, ló tú èèwọ̀ ọ̀hún díẹ̀. Ní 2012, ó gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n lè gbà fún oògùn jẹjẹrẹ melphalan sínú ẹyinjú láìsí kí jẹjẹrẹ bá ojú abẹ́rẹ́ jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ fa omi iwájú ẹyinjú, bí ẹ̀kán méjì péré, kí ojú má baà le jù. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ti ń jáde, wọ́n á fi òtútù líle di ojú ibẹ̀ pa. Omi tí wọ́n fà yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, ṣe ni wọ́n ń dà á nù. Jesse Berry, ní Children's Hospital Los Angeles, ló ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ní 2017, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé DNA jẹjẹrẹ náà wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá rí i, ó ti tú àṣírí. Tí wọn ò bá rí i, kò tíì dá ọmọ náà sílẹ̀ pátápátá, torí kókó kékeré lè má tú nǹkan kan sínú omi.

Lójú tèmi, ìṣòro tiwa ṣì yàtọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2020, lórí ọmọ 4,351 tó ní jẹjẹrẹ yìí láti orílẹ̀-èdè 153, fi hàn pé láwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà ni jẹjẹrẹ ti jáde kúrò nínú ẹyinjú wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Láwọn tó lówó, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú tó ti wú síta ò nílò kí ẹnikẹ́ni fa omi kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn ọmọ tí wọ́n tètè gbé wá ni àyẹ̀wò lè rú dókítà lójú lórí wọn, irú wọn sì ni mo fẹ́ kó pọ̀ ní Ìdí-Àràbà.