Bí a ti ń polówó ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan owó ìpolówó

Ọ̀rọ̀ ọjà títà ni mo mú wá lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá gba òpópónà Arakale kọjá ní Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀, oríṣiríṣi igbe ni yóò gbọ́. Ọmọ tó ru búrẹ́dì ń pariwo tirẹ̀. Ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín ń sọ pé tòun ṣì gbóná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ aláṣọ ń pe èrò wọlé. Ìpolówó nìyẹn. Bí ẹ bá fetí sí igbe wọ̀nyí dáadáa, ẹ ó rí i pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú wọn: ohun tí ẹni náà ń tà, ohun tí ó fi dára, àti ibi tí a ti lè rí i rà. Àwọn baba wa kò fi igbe náà ṣeré. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n igbe ẹnu kì í jìnnà. Ohùn ọmọ oníbúrẹ́dì kò lè dé ìlú Oǹdó, áńbọ̀sì Èkó. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọ̀nà tuntun là fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun rìn jìnnà. Lẹ́yìn náà ni rédíò dé, tẹlifíṣàn sì tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn ní 1959. Ohùn ọlọ́jà wá ń dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé owó ló ń gbé ohùn náà rìn. Ìyá tó ń ta aṣọ nínú ìsọ̀ kékeré kò lè ra àyè nínú ìwé ìròyìn lójoojúmọ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì yí èyí padà. Ní 1989, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CERN ní Switzerland, ronú ọ̀nà tí ojú-ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà kan yóò fi so mọ́ ojú-ìwé inú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé lè lo ọ̀nà náà láìsan owó fún wọn. Nítorí náà ni kò fi sí baálẹ̀ ọjà kan tí í gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká là á kí ó yé wa. Ìkànnì ni a ń pe ojú-ìwé tí ènìyàn tàbí ilé-iṣẹ́ ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ó dà bí ìsọ̀ tó ní àdírẹ́sì. Búlọ́ọ̀gù jẹ́ irú ìkànnì tí olówó rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí nígbà gbogbo, tí èyí tó kọ kẹ́yìn sì ń wà lókè. Ẹ lè fi í wé pátákó tí a gbé kọ́ sẹ́nu ìsọ̀, tí a ń pa rẹ́ tí a sì ń tún kọ, àfi pé ti búlọ́ọ̀gù kì í parẹ́: ohun tí ẹ kọ léṣìí ṣì wà níbẹ̀, ó ń pe oníbàárà.

Báwo ni ẹni tó wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ́nù yóò ṣe mọ̀ pé ìsọ̀ yín wà? Awárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, ẹ̀rọ awárí ni àwọn oníbàárà òde òní sì fi ń wá ọjà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni Google, tí Larry Page àti Sergey Brin dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ti ojú-ìwé kan bọ́ sí òmíràn tọ̀sán-tòru, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ńlá kan. Nígbà tí ẹnì kan bá béèrè nǹkan, ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré ká ayé. Inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, ó sì ń mú ohun tó rò pé ó bá ìbéèrè náà mu jáde.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń tajà. Ẹ̀rọ kò lè mú ohun tí a kò kọ jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ní Arakale ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá kọ sójú ìkànnì rẹ̀ pé, “Aṣọ tó rẹwà jù láyé, ẹ yà wá,” ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ọjà? Ohun tí oníbàárà ń tẹ̀ sínú fóònù ni “aso oke igbeyawo ni Akure”. Orúkọ ọjà, ìdí tí a fi fẹ́ rà á, àti orúkọ ìlú ni ó tẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí ó hàn lójú-ìwé ìyá náà. Ẹ tún kíyè sí i pé oníbàárà kò fi àmì ohùn sí i, nítorí pé fóònù kì í jẹ́ kí ó rọrùn. Kí ìyá náà kọ “Àkúrẹ́” bí ó ti tọ́, kí ó sì kọ “Akure” níbìkan pẹ̀lú.

Ìyá náà lè ní, “Kí ni n ó máa kọ sí búlọ́ọ̀gù? Èmi kì í ṣe akọ̀wé.” Mo ní kí ó ka ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi í láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣé a lè fi omi fọ aṣọ òkè? Kí ló dé tí ọ̀kan fi wọ́n ju èkejì lọ? Èwo nínú àwọ̀ méjì yìí ni yóò bá léèsì ìyá ìyàwó mu? Oṣù mélòó ṣáájú ìgbéyàwó ni kí a ti wá sanwó? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìbéèrè wọ̀nyí tó àkọlé ọ̀rọ̀ kan lórí búlọ́ọ̀gù. Kí ó ṣàlàyé pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun aṣọ òkè lórí òfì, kí a tó rán an pọ̀. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ fún ogún ènìyàn kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ka àlàyé yìí ní Lọ́ńdọ́nù yóò sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Ìyá yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.” Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni a ń gbé owó fún, bí a kò tilẹ̀ tí ì rí i rí.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí n ka àwọn irin-iṣẹ́ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, tó jẹ́ pé owó dátà nìkan ni yóò ná yín.

Èkíní ni àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ lórí Google, tí wọ́n ń pè ní Google Business Profile. Ẹ ó kọ orúkọ ìsọ̀ yín, òpópónà tó wà, àkókò tí ẹ ń ṣí àti èyí tí ẹ ń tì, àti nọ́ńbà fóònù, ẹ ó sì fi àwòrán ọjà sí i. Google lè ní kí ẹ ya fídíò ìsọ̀ náà láti fi hàn pé òótọ́ ni. Kí pátákó orúkọ yín ti wà níta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni búlọ́ọ̀gù fúnra rẹ̀. WordPress, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, àti Blogger, tó ti wà láti 1999, ní àyè ọ̀fẹ́. Lórí WordPress ni ó ju 40 nínú 100 ìkànnì ayé dúró lé.

Ẹ̀kẹta ni Google Search Console. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín hàn yín. Bí ẹni tó dúró sẹ́nu ìsọ̀ tó ń gbọ́ ohun tí èrò ń béèrè ni.

Ẹ̀kẹrin ni WhatsApp Business, tó jáde ní 2018. Ẹ lè pàtẹ ọjà yín síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán àti iye owó.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé òun yóò gba owó kí Google lè fi yín ṣe ẹni àkọ́kọ́, ẹ má dá a lóhùn. Google fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Ìpolówó tí a sanwó fún wà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi àmì sí i kí a lè dá a mọ̀. Àyè tó kù kì í ṣe títà.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yìí fi ń fún wa ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tó fún wa ní ìjókòó lọ́fẹ̀ẹ́ ń ta ògiri tó wà lẹ́yìn wa fún apolówó ọjà ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó náà tirẹ̀ ni, ìgbàkígbà tó bá sì wù ú ló lè gbé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi le sí nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí i.

Google ti fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìkànnì ọ̀fẹ́ tí àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí business.site. Ní oṣù kẹta, 2024, ó ti gbogbo wọn pa. Ẹni tó ti tẹ àdírẹ́sì náà sára káàdì àti pátákó ní láti tún òmíràn tẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, 2014, búlọ́ọ̀gù Linda Ikeji, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ti gbajúmọ̀ dé gbogbo Nàìjíríà. Síbẹ̀, nígbà tí ẹnì kan fẹ̀sùn kàn án pé wọ́n lo iṣẹ́ òun, orí Blogger ló wà, Blogger sì tì í. Wọ́n tún ṣí i láìpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ ní gbogbo ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ọdún kan náà, ìjọba Nàìjíríà ti dènà Twitter láti oṣù kẹfà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13, oṣù kìíní, 2022. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, kí ni yóò fi pè wọ́n ní gbogbo oṣù méje yẹn?

Nítorí náà, ẹ lo ohun ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kí nǹkan mẹ́ta wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Bí owó bá dé, ẹ gba àdírẹ́sì tiyín, bí irú èyí tó parí sí .ng tàbí .com.ng, tó wà lábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ NiRA. Ọdọọdún ni a ń san owó rẹ̀. Orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kí ẹ fi gbà á. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló fi gbogbo rẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wọn kọ́ ìkànnì lọ́wọ́; nígbà tí ó ṣí lọ sí ìlú mìíràn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Èkejì ni ohun tí ẹ kọ. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ àti àwòrán yín síbòmíràn. Ẹ má sì jí iṣẹ́ onísẹ́ kọ, kí wọ́n má baà fi ìyẹn tì yín pa.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín, nínú ìwé kan. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ má sì fún ẹlòmíràn, nítorí òfin Nàìjíríà ti 2023 dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Irọ́ tí ọmọ oníbúrẹ́dì bá pa, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Èyí tí a bá kọ sójú ìkànnì, ibẹ̀ ló máa wà, tí ẹni tí a fi tàn jẹ yóò sì kọ èsì tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ yín nìyí. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ jókòó ti ìyá tàbí bàbá yín tó ń tajà. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè márùn-ún tí àwọn oníbàárà máa ń béèrè jù. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, ẹ kà á fún wọn létí, kí wọ́n tún ibi tó kù sí ṣe. Búlọ́ọ̀gù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí fóònù tilẹ̀ tó kan ọwọ́. Ó di ọjọ́ mìíràn.